Ohun Tí Wọ́n Ń Pè Ní Pẹtiróòlù

Ká ní èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ ní Èkó, ẹ̀rù ì bá má bà mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dé ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn, wọ́n á fọwọ́ júwe nǹkan fún un, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì forí jì í. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni èmi náà ń sọ. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Ìpọ̀nrí ni mo ti ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń wí, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo ń gbọ́ ọ. Òdìkejì bọ́dà ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nílé tí a sì ń ka Faransé nílé ìwé. Mi ò ka Faransé náà jìnnà. Ọdún mẹ́rin ni mo lò kí bàbá mi tó kú.

Obìnrin tó mú mi wá sí Èkó kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́, Ìmẹ̀kọ ni kí o sọ. Nàìjíríà ni Ìmẹ̀kọ wà. Má sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ." Mi ò ní ìwé kankan lọ́wọ́, a sì ti gbọ́ pé wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin kan tí wọn ò níwèé ní ilé oúnjẹ kan, wọ́n dá wọn padà sílé láìjẹ́ kí wọ́n mú aṣọ. Nítorí náà mo ní Ìmẹ̀kọ ni mo ti wá. Mi ò tẹ Ìmẹ̀kọ rí láyé mi. Bí oníbàárà kan bá ti ní, "Ìmẹ̀kọ? Àna mi wà níbẹ̀ o!" màá ní ẹnì kan ń pè mí lẹ́yìn ilé.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Ṣadé ni mo ń gbé, òun náà ni ọ̀gá mi. Àga ọkọ̀ ló ń rán. Mi ò rí obìnrin mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní gbogbo àdúgbò náà. Ó tóbi, ohùn rẹ̀ tóbi, kò sì fẹ́ràn kí ènìyàn máa sọ̀rọ̀ sínú.

"Ṣé eèrà lò ń bá sọ̀rọ̀ ni?" ló máa ń bi mí. "Gbé ohùn sókè jàre! Ẹnikẹ́ni ò ní jẹ ẹ́."

Mi ò lè ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ló ń bà mí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo béèrè bíkì, gbogbo wọn wò mí. Bírò ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní mọ́tò kan ń bọ̀ wá ṣe àga, mo gbálẹ̀ ibi kékeré kan sílẹ̀ dè é, torí alùpùpù ni mọ́tò nílé wa. Ọkọ̀ ńlá kan ló yọ. Àǹtí Ṣadé ní, "Orí ìgbálẹ̀ yìí ló máa dúró sí ni?" Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ́tí dáadáa, bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan màá pè é nínú ikùn mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó jẹ́ kó jáde.

Lọ́jọ́ Sunday, Àǹtí Ṣadé á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi á sì pe ìyá mi.

"Irú iṣẹ́ wo lo wá ń ṣe?"

"Mo ń rán àga ọkọ̀, Màámi."

"Àga ọkọ̀? Ṣé wọn kì í ta ọkọ̀ mọ́ àga ní Èkó ni?"

"Wọ́n ń tà á mọ́ ọn. Ó ń gbó ni."

"O ń jẹun?"

"Mo ń jẹun."

"Wọ́n fẹ́ràn rẹ?"

Mo ní wọ́n fẹ́ràn mi. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ Ìmẹ̀kọ kan tó ń gbé ara mi wọ̀. Lẹ́yìn tí mo bá pa fóònù, màá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, màá máa rò ó pé bí mo bá kú síbí, ìlú wo ni wọ́n á gbé òkú mi lọ.

Ọdún kejì mi ni wọ́n gbé Ítálì wá. Orúkọ tí gbogbo wa ń pè é nìyẹn, nítorí Ítálì ni wọ́n ti ṣe é, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ọkọ̀ eré ni, pupa bí ata, ó sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè gbé ìgbọ̀nwọ́ lé òrùlé rẹ̀. Ènìyàn méjì péré ló gbà. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ibi tí wọ́n ń kẹ́rù sí wà níwájú. Olówó kan ló gbé e wọ̀lú nígbà tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí ó kú, ọkọ̀ náà wà lábẹ́ igi máńgòrò ní Sùúrùlérè títí eku fi bímọ nínú rẹ̀. Tíṣà ló wá a kàn.

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ irin ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Yábàá, ó sì máa ń wọ tráúsà tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ gan-an wá sínú girísì. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n pawọ́ pọ̀ rà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ Saturday wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà iṣẹ́ wa, wọ́n á máa jiyàn lórí nọ́ọ̀tì ọkọ̀ kan ṣoṣo bí ẹni ń jiyàn oyè. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tíṣà, ẹ ti rí kòtò Mushin? Ọkọ̀ yín yìí á wọ inú ẹ̀, ẹ ò ní rí i mọ́ o!"

"A ó bẹ yín kí ẹ wá yọ ọ́."

"Èmi kẹ̀? Ẹ pe apẹja Ìwáyà!"

Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù ni mẹkáníìkì tó ń tún ẹ́ńjìnì náà ṣe. Odidi ọdún kan ló fi tú u sílẹ̀ ní wẹ́wẹ́, tó ń fi kẹrosíìnì fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń tò wọ́n sórí páálí bí ẹja. Lójú àwọn tó ni ọkọ̀ náà, á ní, "Ahun lásán ni. Ahun tó wọ bàtà pupa." Bí wọ́n bá ti lọ, á máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó sọ fún wa pé bí ẹ́ńjìnì yẹn bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí, kò sí ọjà tí a ti lè rí ìkejì rẹ̀.

Àga méjèèjì ni iṣẹ́ tiwa. Àǹtí Ṣadé ní kí n tú awọ àtijọ́ náà láìfà á ya, kí a lè fi gé tuntun. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi tú u, okùn kan lẹ́yìn èkejì. Lẹ́yìn awọ àga òsì, mo rí ibi tí ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan, nọ́ńbà kan àti ọ̀rọ̀ kúkúrú tí mi ò lè kà. Tíṣà wọ awò rẹ̀, òun náà ò lè kà á.

"Ẹni tó rán an nìyẹn," ló wí. "Bóyá obìnrin ni. Bóyá ó ti di arúgbó."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹnì kan jókòó níbìkan, ó na awọ yìí bí mo ṣe ń nà án, abẹ́rẹ́ gún un bó ṣe ń gún mi. Kò mọ̀ pé Èkó ni iṣẹ́ ọwọ́ òun ń lọ. Ọkọ̀ náà ò sì ní ìwé tó dáa. Tíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ní ọdún kan gbáko ni òun fi ń tọrọ ìwé fún un lọ́fíìsì. Síbẹ̀ wọ́n fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń bá a wá ìwé. Nígbà tí a rán awọ tuntun náà tán, aláwọ̀ obì, Àǹtí Ṣadé fi àtàńpàkò tẹ gbogbo ojú abẹ́rẹ́ tí mo rán. Ó wá pe ìyá oníbúrẹ́dì pé kó wá wò ó. Ìyìn tirẹ̀ nìyẹn. Mo lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún díẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni gbogbo nǹkan dàrú. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tan ẹ́ńjìnì náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, Àǹtí Ṣadé lọ ra òwú. Tíṣà nìkan ló wà nínú ọgbà, fóònù rẹ̀ sì ń dún.

"Ọmọ mi," ó ní, "bá mi bu pẹtiróòlù inú kẹ́ẹ̀gì yẹn sínú táǹkì. Gbogbo rẹ̀ o." Ó gbé fóònù sétí, ó jáde lọ sẹ́nu géètì.

Kẹ́ẹ̀gì méjì ló wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Fúẹ̀lù jẹnẹrétọ̀ wà nínú ọ̀kan. Kẹrosíìnì tí Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù fi ń fọ irin wà nínú èkejì. Mo mọ̀ wọ́n yàtọ̀, mi ò ṣì wọ́n mú. Ṣùgbọ́n nílé wa, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ohun tí a ń rọ sínú àtùpà ni a ń pè ní pẹ́tróòlù. Èyí tí ọkọ̀ ń mu, ẹsáńsì ni. Ní Èkó, fúẹ̀lù tàbí epo ni mo ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ènìyàn fún ti ọkọ̀. Tíṣà nìkan ló ń sọ̀rọ̀ bí àwọn àgbà ayé àtijọ́.

Mo dúró. Ìbéèrè náà ti dé orí ahọ́n mi. Ọkọ̀ ha ń mu ohun tí àtùpà ń mu bí? Mo wo Tíṣà lẹ́nu géètì, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi. Mo ronú nípa bíkì, mo ronú nípa mọ́tò. Mo wá sọ fún ara mi pé ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò sí ohun tí kò lè mu. Odidi ọdún kan ni mo fi rí i tí ẹ́ńjìnì náà ń wẹ̀ nínú kẹrosíìnì. Mo ki àrọ bọ ẹnu táǹkì, mo sì da gbogbo rẹ̀ sí i.

"O ti bù ú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọmọ gidi."

Òórùn kẹrosíìnì ò ṣàjèjì nínú ọgbà yẹn, kò fura.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá mi pè mí fúnra rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ó ní ewúrẹ́ ti bímọ. "Iná àtùpà yìí sì ti fẹ́ kú mọ́ mi lórí," ó wí. "Pẹ́tróòlù ti tán. Láti ọjọ́ tí o ti lọ, kò sẹ́ni tó ń bá mi sáré lọ rà á."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màámi, kẹrosíìnì ni wọ́n ń pè é níbí."

Lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ ohun tí mo sọ. Bí ti àtùpà bá ń jẹ́ kẹrosíìnì lọ́dọ̀ wọn, kí wá ni pẹtiróòlù?

"Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?" ni ìyá mi ń wí. "Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

Mi ò jẹun. Àǹtí Ṣadé bi mí láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, mo ní inú ń run mí. Mo kó aṣọ mi sínú báàgì, mo kó o jáde, mo tún kó o padà. Bí mo bá sá lọ, wọ́n á tan ẹ́ńjìnì náà, á sì kú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á bi mí pé ta ní ń pe kẹrosíìnì ní pẹtiróòlù, kì í sì í ṣe ará Ìmẹ̀kọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn tó ìwé ìrìnnà. Ó kọ ìlú mi sára mi.

Ní àárọ̀ Saturday gbogbo wọn pé. Tíṣà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò. Ìyá oníbúrẹ́dì fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù wọ kàfùtáànì funfun, ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra wọlé sórí àga tí mo rán, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́.

Mo ní, "Ẹ dákun."

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo tún un sọ. Àǹtí Ṣadé ń fi ọwọ́ lé mi sẹ́yìn kí n má dí fọ́tò lọ́wọ́.

"Ẹ má tàn án!"

Mi ò mọ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà nínú mi. Gbogbo wọn yíjú. Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù yọ orí síta.

"Kí ló ń ṣe eléyìí?"

"Kẹrosíìnì ló wà nínú táǹkì."

Ó jáde. Ó ṣí ẹnu táǹkì, ó gbóòórùn, ó sì pa ojú dé bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Ta ló bù ú?"

"Èmi ni."

"Pẹtiróòlù ni mo ní kó bù!" ni Tíṣà wí.

"Ó ṣi kẹ́ẹ̀gì mú ni," ni Àǹtí Ṣadé dá sí i kíá. "Kẹ́ẹ̀gì méjèèjì jọra, ẹ má bínú."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Tíṣà yíjú sí Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù. "Ẹ̀yin lẹ gbé kẹrosíìnì ti epo láìkọ nǹkan sí i lára? Ẹni tó ń tún irú ọkọ̀ yìí ṣe? A ti sọ ọ́ pé ká wá ẹlòmíràn." Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù sọ orí kọ́. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, àwọn ọwọ́ tí wọ́n ti fọ gbogbo irin yẹn.

Àǹtí Ṣadé ti ṣílẹ̀kùn fún mi. Kí n ṣáà kúnlẹ̀ kí n ní mo ṣì í mú, ó tán. Mo di bẹ́ǹṣì mú.

"Mi ò ṣì í mú," mo ní. "Mo mọ èyí tí mo mú. Pẹ́tróòlù ni a ń pe ti àtùpà nílé wa."

"Nílé yín níbo? Ní Ìmẹ̀kọ?" ni Tíṣà bi mí.

"Èmi kì í ṣe ọmọ Ìmẹ̀kọ, sà. Òdìkejì bọ́dà ni mo ti wá."

Ìyá oníbúrẹ́dì ní, "Yéè!" Ó sì bo ẹnu.

Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo rò pé ọkàn rẹ̀ fẹ́ dá. Ó wá ń sọ lábẹ́nu bí ẹni tó ń ka nǹkan lójú pátákó: "Pẹ́tróòlù. Faransé. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mi ò fi ìka tọ́ka sí i." Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Kàmọ́rù ò jẹ̀bi. Bẹ̀ ẹ́."

Kẹrosíìnì náà ò tíì dé inú ẹ́ńjìnì, torí wọn ò tíì tan nǹkan kan. Ìyẹn ló yọ wá. Wọ́n tú ìdí táǹkì, wọ́n ro ó gbẹ, wọ́n fi fúẹ̀lù ṣan án, wọ́n tún ro ó gbẹ. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló gbà. Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ó fi ọ̀dà kọ FÚẸ̀LÙ sára kẹ́ẹ̀gì kan, ó sì kọ ÀTÙPÀ ÌYÁ Ẹ sára èkejì. Láti ìgbà náà, "Pẹ́tróòlù" ni orúkọ tó ń pè mí. "Pẹ́tróòlù, bá mi gbé sípánà yẹn. Sípánà o, má lọ gbé ṣíbí wá!"

Ti Àǹtí Ṣadé ló le jù. Kẹrosíìnì kọ́ ló dùn ún. Ó ń gbé oúnjẹ mi síwájú mi láìwo ojú mi. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ó ní, "Ọdún méjì. O ń sùn nínú yàrá mi. Orúkọ rẹ ńkọ́? Òun náà ha ni orúkọ rẹ?"

Mo ní òun ni.

"Búra."

Mo búra. Ó bu ẹja kún ọbẹ̀ mi, kò sì sọ pé kí n lọ. Kò sọ pé kí n dúró náà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbé ibẹ̀ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, mo ń gbọ́ gbogbo ìró géètì, mo ń rò pé àwọn tó fẹ́ kó mi ti dé. Mo ti sọ òtítọ́, ẹ̀rù sì tún pọ̀ sí i. Tẹ́lẹ̀, irọ́ nìkan ni mo ń ṣọ́. Nísinsìnyí ara mi ni.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnì náà tàn. Ó bú, ó húkọ́, ó wá ń kùn. Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù fi apá ẹ̀wù nu ojú. Tíṣà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òfin kan: ọkọ̀ ènìyàn méjì ni, ẹni tó bá wà á kò gbọ́dọ̀ dá nìkan jókòó sínú rẹ̀, ẹni tí kò tíì wọ̀ ọ́ rí ló sì gbọ́dọ̀ gbé. Tíṣà ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó sì pè mí.

"Èmi kọ́, sà. Ẹ gbé Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù."

"Wọlé, Pẹ́tróòlù!" ni Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù pariwo. "Kó má lọ di pé o máa dúró síbí da omi sí ọkọ̀ tèmi!"

Mo wọlé. Ilẹ̀ sún mọ́ ìdí mi bí ẹni pé mo jókòó sórí ẹní. A kọjá lábẹ́ bíríìjì, a gba ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. A kò tíì dé Ojúẹlẹ́gba tí ọlọ́pàá kan fi na ọwọ́ dá wa dúró. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí àga mú.

Ó ní láti bẹ̀rẹ̀ gan-an kó tó rí ojú wa.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Ọkọ̀ Ítálì ni. Ó dàgbà jù yín lọ."

"Ẹ jẹ́ n gbọ́ ohùn ẹ̀."

Tíṣà tẹ iná mọ́ ọn, ọkọ̀ náà bú. Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó wá wò mí.

"Ọmọ yín ni?"

"Òun ló rán àga tí mo jókòó lé yìí."

"Ìwọ báyìí? O gbìyànjú! Ọmọ ibo ni ẹ́?"

Tíṣà la ẹnu. Mo rí i pé ó fẹ́ bá mi dáhùn, mo sì mọ orúkọ ìlú tó fẹ́ dá. Òógùn ọwọ́ mi ti mú awọ àga náà tutù.

"Kétu ni mí, sà."

"Kétu!" ó ní. "Ẹ̀gbẹ́ Ọjọ́ta níbẹ̀ yẹn! Àbúrò ìyàwó mi ń gbé ibẹ̀. Apá ibo ní Kétu?"

Ó ti fún mi ní ilé kan l'Ékòó lọ́fẹ̀ẹ́. Kí n ṣáà ti mi orí ni. Tíṣà ń wo iwájú.

"Rárá, sà," mo ní. "Kétu gan-an ni. Ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀."

Ó ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó ń wò mí, ẹ̀rín ò sí lójú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà mí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mi ò kó ọ̀rọ̀ náà padà.